Àpótí Ìwé Àtijọ́ àti Owó tí a fi Tún Omi Ẹlẹ́gbin Ṣe ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ìpàdé ọdọọdún wa tí ó kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí a fi jiyàn lórí àpótí páànù kan tí ó wà ní igun yàrá akọ̀wé. Àwọn kan ní kí a kó àwọn ìwé inú rẹ̀ jáde kí a sì dáná sun wọ́n, nítorí pé ikán ti jẹ díẹ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó ṣí àpótí náà wò láti ọdún gbọọrọ. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ilẹ̀ ṣú kí a tó fẹnu kò. Àríyànjiyàn náà ni ó mú wa ronú kan ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a sì rò pé ó yẹ kí a kọ sínú ìwé ọdún yìí: ìtàn bí àwọn ìwé tí gbogbo ènìyàn ti rò pé iṣẹ́ wọn ti parí ṣe padà wá san ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, nítorí ilẹ̀ àti omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bà jẹ́.

Kí a tó wọ inú ìtàn náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ adójútòfò yé ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n mọ ìwé ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń bèèrè lójú pópó nìkan. Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange ti Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Adójútòfò dàbí èsúsú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Gbogbo ènìyàn ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tí òfò bá sì ṣẹlẹ̀ sí ni a ń kó o fún. Ṣùgbọ́n irú èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ilé tí ó jóná tàbí ti ọkọ̀ tí olè gbé. Ti ẹ̀bi ni. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣèèṣì pa ẹlòmíràn lára, tàbí tí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, tí òfin sì ní kí ó san owó ìtánràn fún ẹni náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yóò bá a san án. Láti nǹkan bí ọdún 1940 ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà ti fi ẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan náà tí wọn yóò máa tẹ̀ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò ńlá àti kékeré sì ń rà á lọ́dọọdún bí ẹni ń san owó orí.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tí a bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé òun ni orígun gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ ni ìwé náà ń wò. Kò wo ọjọ́ tí a pe ẹjọ́. Ìwé tí a rà ní ọdún 1965 ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bàjẹ́ ní ọdún 1965, ìbáà jẹ́ pé lẹ́yìn 30 ọdún ni olóhun tó mọ̀ pé ohun òun bàjẹ́. Nítorí náà irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í kú. Ẹni tí ó rà á lè ti kú, akọ̀wé tí ó fi ọwọ́ sí i lè ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ California, nǹkan bí 50 máìlì sí ìlà-oòrùn ìlú Los Angeles, ní àgbègbè Riverside, àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Pyrite. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Glen Avon wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mu omi kànga. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí i ní agbègbè náà: àwọn tí ń kan ọkọ̀ òfurufú, àwọn tí ń fi ásíìdì fọ irin kí ó lè máa dán, àwọn tí ń ṣe oògùn apakòkòrò DDT. Gbogbo wọn ni ó ní omi ìdọ̀tí tí ó le bí iná, wọn kò sì rí ibi dà á sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà bá wọn wá ibi tí wọn yóò máa dà á sí. Ní ọdún 1955 onímọ̀ ìjọba kan nípa ilẹ̀ àti àpáta lọ wo ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní àfonífojì yìí, tí í ṣe ti oníṣòwò òkúta kan tí ń jẹ́ Stringfellow. Ó ní àpáta abẹ́ rẹ̀ le, omi kò lè là á kọjá. Bí a bá ti lè mọ ògiri simẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀, kò séwu.

Ní oṣù Ògún ọdún 1956 ni a ṣí i. Ọdún 16 ni àwọn ọkọ̀ onítáńkì fi ń wá, tí wọ́n ń tú ohun tí ó ju 30 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lọ sínú àwọn kòtò tí a gbẹ́ síbẹ̀, lábẹ́ ọ̀run gbalasa. Ohun tí onímọ̀ náà kò rí ni pé àpáta náà ti sán káàkiri, àti pé omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ bàtà péré sí ìsàlẹ̀. Ìdọ̀tí náà ń jò wọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ògiri simẹ́ńtì náà kò sé ohunkóhun. Ní ọdún 1969 òjò ńlá rọ̀, kòtò sì kún ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1972 a rí kẹ́míkà nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti dà síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ó di ọdún 1978 ni ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Òjò rọ̀ títí ẹ̀rù fi ń ba àwọn aláṣẹ pé ògiri náà lè wó, kí gbogbo rẹ̀ sì ya lu ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pinnu láti tú díẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí 800,000 gálọ́ọ̀nù ni wọ́n tú sínú odò kékeré tí ó gba ìlú kọjá, wọn kò sì kìlọ̀ fún àwọn ará Glen Avon. Omi náà ń hó bí omi ọṣẹ. Ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kọjá, àwọn ọmọ sì ń bu ìhó rẹ̀ ṣeré. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí jẹ́ òbí, a kò sì lè ka apá ibí yìí kí ara wa má bù máṣọ. Àwọn ìyá ìlú náà ni wọ́n kọ́kọ́ dìde, tí wọ́n ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tí wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

Ní ọdún 1978 yìí kan náà ni ariwo Love Canal ta ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí a ti kọ́ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ sí orí ìdọ̀tí kẹ́míkà tí a bò mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí òfin tuntun jáde. Ààrẹ Jimmy Carter fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 11 oṣù Òpẹ ọdún 1980. Òfin náà le. Ó ní ẹni tí ó da ìdọ̀tí, ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ń bójú tó ibẹ̀ àti ẹni tí ó fi ọkọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, gbogbo wọn ni ó jẹbi, kódà bí ohun tí wọ́n ṣe kò bá lòdì sí òfin ní ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ó sì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni a ó mú láti san gbogbo owó náà. A fi owó orí lé epo àti kẹ́míkà láti fi dá àpò kan sílẹ̀ fún ibi tí a kò bá rí ẹni mú. Àpò náà pàápàá kò ṣàì ní ìtàn tirẹ̀: ní ọdún 1983, Ààrẹ Reagan lé Rita Lavelle tí ń bójú tó o kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi pé ó purọ́ lábẹ́ ìbúra nípa ìgbà tí ó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí òun ti ṣiṣẹ́ rí wà lára àwọn tí ó da ìdọ̀tí sí àfonífojì Stringfellow yìí gan-an.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yàgbẹ́ ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ní ọdún 1983 ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba California jọ pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò dákẹ́. Wọ́n yí ojú ẹjọ́ padà, wọ́n ní ìjọba California fúnra rẹ̀ ni ó yan ibẹ̀, òun ni ó ní kò séwu, òun ni ó yẹ àwòrán ògiri náà wò, òun náà sì ni ó fi àtúnṣe falẹ̀. Ní ọdún 1998 ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà pẹ̀lú wọn, ó sì dá ìjọba ìpínlẹ̀ náà lẹ́bi àìbìkítà lórí gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Báyìí ni ẹni tí ó lọ síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ ṣe jáde gẹ́gẹ́ bí onígbèsè. Ìjọba náà ṣírò pé owó àtúnṣe lè tó 700 mílíọ̀nù dọ́là.

Níbo ni a ó ti rí i? Ìgbà yìí ni ìwé àtijọ́ wọ inú ọ̀rọ̀. Ìjọba California ti ra ìwé adójútòfò ẹ̀bi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan láàárín ọdún 1964 sí ọdún 1976. Àwọn tí ó rà á kò ronú kan omi abẹ́ ilẹ̀ rárá. Ní ọdún 1993, nígbà tí ẹjọ́ ti àkọ́kọ́ kò tíì parí, ìjọba náà kó àwọn ìwé wọ̀nyí lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní kí àwọn tí ó gba owó òun nígbà náà wá dáhùn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwíjàre tí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ jẹ́ kí a fi ewúrẹ́ ṣe àpèjúwe. Bí ewúrẹ́ ọkùnrin kan bá ń wọ oko aládùúgbò rẹ̀ fún ogún ọdún, tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́wàá sì ti ṣe onídùúró fún un, olúkúlùkù fún ọdún méjì, ta ni yóò san owó iṣu? Ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ jẹ ní ọdún kẹta, ta ni ó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ ní ọdún kẹsàn-án? Onídùúró kọ̀ọ̀kan yóò ní: ẹ fi ẹ̀rí hàn mí pé ọdún tèmi ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti èmi. Ìdọ̀tí tí ń jò lábẹ́ ilẹ̀ kò sì ní ẹ̀rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti California ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ lórí èyí ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Montrose tí ó ṣe DDT, tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì wà lára ohun tí a dà sí àfonífojì kan náà. Wọ́n ní bí ìbàjẹ́ bá ń bá a lọ láti ọdún dé ọdún, gbogbo ìwé tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ó jí. Síbẹ̀, adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ Stringfellow ní ìwé ọdún kan ṣoṣo ni ìjọba lè yàn láti gba owó lórí rẹ̀, kò lè kó ti ọdún púpọ̀ jọ. Nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò mìíràn ti bá ìjọba parí ẹjọ́ níta pẹ̀lú nǹkan bí 120 mílíọ̀nù dọ́là, tí èyí sì ju ti ọdún kan lọ, adájọ́ ní kò sí kọ́bọ̀ tí ó kù fún ìjọba láti gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ́kù. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá a padà láìsí adájọ́ kan tí ó yapa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn tẹ̀ sínú ìwé ni pé àwọn yóò san gbogbo owó tí òfin bá bù fún oníbàárà àwọn. Nítorí náà olúkúlùkù ni yóò san án títí dé òdiwọ̀n tirẹ̀, a sì lè to ìwé ọdún kan lé orí ti ọdún kejì títí gbèsè yóò fi tán. Ọdún 19 ni ó gbà láti ọjọ́ tí a pe ẹjọ́ náà.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tí kò jẹ́ ìwé tuntun ni a ń lò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò tètè rí ohun tí ń bọ̀. Ní ọdún 1966 wọ́n ṣì fẹ ìwé náà lójú sí i, pé kì í ṣe jàǹbá ojijì nìkan ni àwọn yóò san. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 wọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé àwọn kò ní san owó ìbàyíkájẹ́ àyàfi tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójijì àti ní èèṣì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "lójijì", ni àwọn amòfin fi jẹun fún ogún ọdún. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kan yóò ní ohun tí ń jò díẹ̀díẹ̀ kò jẹ́ ti ojijì láé. Òmíràn yóò ní ohun tí a kò retí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ní New Jersey, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tọ́ka sí i ní ọdún 1993 pé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní àlàyé lásán ni gbólóhùn tuntun náà, kò dín ohunkóhun kù. Wọn kò sì lè padà wá jẹ èrè ohun tí wọ́n fi pamọ́ nígbà náà. Àwa fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Ní ọdún 1986 ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá nínú ìwé wọn. Bí ìwé náà bá ti pẹ́ ju ìgbà náà lọ ni ó fi níye lórí.

Kì í ṣe ìjọba ńlá nìkan ni èyí kàn. Ìlú kan wà ní New Jersey tí ń jẹ́ Jackson Township. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ààtàn ní ọdún 1972, ìdọ̀tí rẹ̀ sì jò lọ sínú kànga àwọn ará àdúgbò Legler. Nígbà tí ó di ọdún 1978 a ní kí wọ́n má mu omi kànga wọn mọ́. Fún nǹkan bí ọdún méjì ni a fi ń gbé omi wá fún wọn nínú àgbá onígálọ́ọ̀nù 40, tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó kò lè mì ín. Àwọn ará àdúgbò pe ìlú wọn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1982 adájọ́ kan ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó gba owó lọ́wọ́ àjọ omi ìlú náà wá gbèjà rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí akọ̀wé ìlú náà bá ti jó ìwé.

Ọ̀pọ̀ ni ó sì ti jó tiwọn, tàbí tí wọ́n sọ ọ́ nù nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ìdí nìyí tí irú iṣẹ́ tuntun kan fi dìde ní Amẹ́ríkà: àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwú ìwé adójútòfò jáde, bí àwọn onímọ̀ ti ń wú ère Ifẹ̀ jáde nínú ilẹ̀. Wọn a lọ sí àjà ilé, wọn a lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọn a wá ọmọ alágbàtà tí ó ti kú kàn. Bí wọn kò bá rí ìwé gan-an, wọn a wá òjìji rẹ̀: ìwé ìṣirò owó tí ó fi hàn pé a san owó adójútòfò ní ọdún báyìí, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́tà alágbàtà tí ó ní nọ́ńbà, ẹ̀dà tí a fún oníbàárà kan. Bí a bá lè fi hàn pé a wá ìwé náà tọkàntọkàn, ilé ẹjọ́ lè gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí owó tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti ṣí àpò mílíọ̀nù rí.

A kò gbọdọ̀ fi apá kejì pamọ́. Owó náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjà adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Lloyd's, àwọn ènìyàn olówó ni ó ń fi gbogbo ohun ìní wọn dúró fún irú àdéhùn wọ̀nyí nígbà náà. Nígbà tí gbèsè asbẹ́sítọ́ọ̀sì àti ti ìbàyíkájẹ́ Amẹ́ríkà dé bá wọn pẹ̀lú àwọn jàǹbá mìíràn, nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn ni ọjà náà pàdánù lórí àwọn ọdún 1988 sí 1992. Àwọn kan ta ilé. Ní ọdún 1996 ni a kó gbogbo gbèsè àtijọ́ náà sínú ilé-iṣẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ fún un, tí ń jẹ́ Equitas, kí ọjà náà má baà pa run. Àwọn amòfin ní tiwọn kò pàdánù: ìwádìí àjọ RAND tí ó jáde ní ọdún 1992 fi hàn pé nínú 100 dọ́là tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ná lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, 88 ni ó bá ẹjọ́ àti ìnáwó àríyànjiyàn lọ. Èyí dùn wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní kí a má fi ìyà ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà jẹ adójútòfò, àwa bi wọ́n léèrè pé, ta ni kí ó jẹ ẹ́? Ṣé ọmọ tí ń fi ìhó ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni?

Glen Avon ti di ara ìlú Jurupa Valley láti ọdún 2011. Ẹ̀rọ ṣì ń fa omi láti abẹ́ àfonífojì náà láti sẹ́ ẹ, ìjọba California sì ni ó ń bójú tó o.

Ní ti àpótí tiwa, ènìyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ti yàn láti ṣí i, kí wọ́n gbọn ikán kúrò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Wọn yóò jábọ̀ fún wa ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti di ipò akọ̀wé tàbí akápò mú nínú ẹgbẹ́ wa rí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó wo inú àpótí ilé wọn pẹ̀lú.